Ara Le, A Dúpẹ́

Láti ìgbà tí Ológe ti ń lọ aṣọ jẹun, kò jó aṣọ oníbàárà rí, àfi ọjọ́ kan ṣoṣo. Bẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́, ẹ ó bá a nídìí tábìlì gígùn tí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé, ooru ń rú sí i lójú, rédíò kékeré ń sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé, òun náà ń dá rédíò lóhùn. Kọ́là ló máa ń kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà èjìká, lẹ́yìn náà apá, kó tó wá dé iwájú níbi tí bọ́tìnnì wà. Bẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, kẹ́ ẹ tó parí ẹ̀yìn, iwájú á ti rún padà, ẹ ò wá ṣe nǹkan kan.

Àwọn ará àdúgbò ló sọ ọ́ ní Ológe, torí kò sí ọjọ́ tẹ́ ẹ máa rí i tí aṣọ ọrùn rẹ̀ á rún. Bó bá ń lọ da ìdọ̀tí nù lásán, ńṣe lẹ máa rò pé ìgbéyàwó ló ń lọ.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan ló wà níwájú rẹ̀, ti lọ́yà kan tó máa ń yẹ aṣọ wò fínnífínní kó tó gbà á. Ológe ti ṣe kọ́là, ó ti ṣe èjìká. Bó ṣe ní kóun mú apá òsì báyìí ni nǹkan gbá a mú nísàlẹ̀ ikùn. Yéè! Ẹ má rò pé inú rírun là ń sọ o. Inú rírun wo? Ńṣe ló dà bíi kí ẹnì kan di ìfun rẹ̀ mú, kó máa fún un bí aṣọ tútù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó di tábìlì mú, tábìlì ò gbà á, ó bá ara rẹ̀ nílẹ̀. Áyọ́ọ̀nù wà lókè lórí ṣẹ́ẹ̀tì lọ́yà, ó ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lọ.

Òórùn aṣọ tó ń jó ló pe ọ̀gá rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ni ọ̀gá yìí, ṣùgbọ́n kò ní inú burúkú. Ó fa wáyà yọ, ó wo ṣẹ́ẹ̀tì, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì.

"Ṣé o ti kú ni?"

"Rárá, mà."

"Kí ló wá ń ṣe ẹ́?"

"Kò sí nǹkan, mà."

"Kò sí nǹkan, o wà lábẹ́ tábìlì! Ṣé ibẹ̀ lo ti fẹ́ máa lọ aṣọ báyìí ni?" Ọ̀gá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn iwájú orí Ológe, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Gbọ́ mi, ọmọ yìí. Ojú mi ò fọ́. Oṣooṣù ni. Lọ bá dókítà ẹ, kó kọ ìwé fún ẹ, kó o lọ rí àwọn àgbà dókítà tó ń tọ́jú abẹ́ obìnrin ní ilé ìwòsàn ńlá. Láìgba ìwé yẹn, má padà wá síbí. Mi ò lé ẹ lẹ́nu iṣẹ́ o. Mi ò kàn fẹ́ kó o kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni."

Ìwé yẹn gan-an ni wàhálà. Wọn kì í dédé wọ ọ̀dọ̀ àgbà dókítà. Dókítà kékeré tó wà ládùúgbò ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀rọ̀ ẹni yìí ti ju agbára òun lọ. Bí kò bá kọ ọ́, ẹ lè máa sunkún lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn ńlá títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sí ẹni tó máa yà sí yín. Ológe sì ti lọ bá dókítà yìí lọ́pọ̀ ìgbà. Oògùn ara ríro ló ń kó bọ̀ wálé.

Kẹ́ ẹ tó máa bú dókítà, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Dókítà ní ẹ̀bi tirẹ̀, kò bọ́ nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Ológe máa ń ṣe. Lọ́jọ́ tí ìrora bá wà lára rẹ̀, kò lè dìde, kò lè wọkọ̀, kódà ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ń ni ín lára. Ó di ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá lọ tán, tí ojú rẹ̀ bá walẹ̀, kó tó lọ rí dókítà. Á wẹ̀, á kun pọ́dà, á gbé búláùsì tó dára jù sórí tábìlì, á lọ ọ́ títí á fi máa dán. Ìrora tó fẹ́ lọ fi han dókítà ti lọ, òun wá ń múra bí ẹni ń lọ ya fọ́tò!

Bó bá wọlé, dókítà á rẹ́rìn-ín sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó mọ̀wé, ó lẹ́kọ̀ọ́ ilé, èrò sì máa ń pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ara le?"

"Ara le o, dókítà, a dúpẹ́. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́?"

"A dúpẹ́, mà. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi wá?"

"Inú ló kàn máa ń run mí díẹ̀ tí nǹkan oṣù mi bá dé. Kò burú púpọ̀."

Díẹ̀! Ẹ gbọ́ o, díẹ̀! Obìnrin tó ti rákò láti yàrá dé ilé ìwẹ̀, tó ti bì títí kò fi sí nǹkan tó máa bì mọ́. Òun ló fẹnu ara rẹ̀ pè é ní díẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni dókítà ṣe fún un ní oògùn ara ríro. Nígbà tó padà lọ, ó fún un ní oògùn aràn. Nígbà tó tún padà lọ, ó ní bóyá ọgbẹ́ inú ni, kó máa tètè jẹun. Ìgbà tó lọ kẹ́yìn, Ológe ki ara láyà, ó béèrè ìwé.

"Mà," ni dókítà wí, ó tún rẹ́rìn-ín, "àwọn tí àìsàn ti wọ̀ lára ni wọ́n ń rí lọ́hùn-ún. Ẹ wo ara yín bẹ́ ẹ ṣe rí. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ fún mi pé ara le. Bẹ́ ẹ bá bímọ, ó máa lọ fúnra rẹ̀."

Bẹ́ ẹ bá bímọ. Ológe àti ọkọ rẹ̀ ti ń retí ọmọ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, ọmọ ò tíì dé. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ó kí nọ́ọ̀sì, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ìgbà tó dé orí bẹ́ǹṣì ìta ló tó sunkún, ó sunkún náà títí pọ́dà ojú rẹ̀ fi di ẹrẹ̀.

Níbo ló ti kọ́ irú ìwà yìí? Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni. Opó ni ìyá yìí, Ológe nìkan ló bí, ilé wọn ò sì jìnnà síra. Ìyá ló kọ́ ọ ní aṣọ lílọ. Ìborùn aláwọ̀ aró kan tí ìyá máa ń fi bo èjìká ni Ológe fi kọ́ṣẹ́ nígbà tó ṣì kéré, tó ní láti gun àpótí kí ọwọ́ rẹ̀ tó tó orí tábìlì. Ìborùn yẹn tẹ́ tán pátápátá, àfi igun rẹ̀ kan. Igun yẹn ti já wúruwùru, ó ti ká jọ, bẹ́ ẹ gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e, bẹ́ ẹ wọ́n omi sí i, kò gbọ́. Bí Ológe ṣe ń bá a jà lọ́jọ́ kìíní, ìyá ní, "Fi í sílẹ̀. Eku ló jẹ ẹ́."

Nígbà tí nǹkan oṣù Ológe kọ́kọ́ dé, tó dákú nílé ìwé, tí wọ́n gbé e wálé, ìyá rẹ̀ wo ojú rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bí ti gbogbo obìnrin ṣe rí nìyẹn. Fara dà á. Ohun tó bá ń ṣe ẹ́ nínú yàrá, inú yàrá ni kó o fi sí. Bó o bá jáde, kí aṣọ ẹ mọ́, kí ojú ẹ dán, bí wọ́n bá kí ẹ, kó o dúpẹ́." Ológe gbà á gbọ́. Kò gbọ́ ọ rí láyé rẹ̀ kí ìyá rẹ̀ sọ pé orí ń fọ́ òun.

Oṣù tó tẹ̀ lé ti ṣẹ́ẹ̀tì lọ́yà, ìrora náà dé, kò wá bí ó ṣe máa ń wá. Ilẹ̀ ti mọ́, oòrùn ti yọ, ọkọ Ológe ti ń múra àtilọ síbi iṣẹ́. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí ohùn rẹ̀ kì í kọjá inú ilé. Ó gbọ́ nǹkan tó wó gbì nílé ìwẹ̀. Nígbà tó débẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ká jọ sórí sìmẹ́ńtì, ẹ̀jẹ̀ ti ba aṣọ rẹ̀ jẹ́, èébì wà létí ẹnu rẹ̀, ó sì ń fi orí gbá ògiri díẹ̀díẹ̀.

Káfíńtà jókòó sínú omi, ó gbé orí rẹ̀ lé itan.

"Ó ti sú mi," ni Ológe wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹ gbọ́, ọkọ mi, ó ti sú mi. Bí ikú bá wọlé báyìí, mi ò ní bá a jiyàn."

Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù tí kò bà á rí. Ó nu ojú ìyàwó rẹ̀, ó ní, "A ń lọ sọ́dọ̀ dókítà. Báyìí báyìí."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ búláùsì mi."

Kò ṣàwàdà o! Ó ti yí padà, ó ti ń fi ìgúnpá rákò lọ síbi tí áyọ́ọ̀nù wà. Káfíńtà kọjá lórí rẹ̀, ó fa wáyà áyọ́ọ̀nù yọ lára ògiri, ó jù ú sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Àsìkò yẹn ni ìyá Ológe wọlé, aṣọ rẹ̀ gún régé, ìborùn rẹ̀ wà léjìká. Ó wo ọmọ rẹ̀ nílẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà, àmọ́ ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ẹ jẹ́ kó wọ aṣọ gidi. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ará ìta rí i báyìí."

"Màmá, ẹ forí jì mí," ni Káfíńtà wí, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé kan. "Ó ti ń wọ aṣọ gidi tipẹ́, kí ló dà fún un? Bó ṣe wà yìí ló ń lọ. Ẹ̀jẹ̀ yẹn, èébì yẹn, gbogbo ẹ̀ ni dókítà máa rí lónìí!"

Kò gbóhùn sókè sí ìyá ìyàwó rẹ̀ rí. Káfíńtà gbé Ológe sínú ọkọ̀ tó fi ń kó pákó, ìyá rọra gun ẹ̀yìn ọkọ̀ láàárín àwọn pákó.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ dókítà, èrò ti tò. "Ẹ tò o, ẹ tò!" ni wọ́n ń pariwo. Bí wọ́n ṣe wá rí ohun tí Káfíńtà gbé lọ́wọ́, wọ́n yà sọ́tùn-ún, wọ́n yà sósì. Bẹ́ǹṣì ò gba Ológe, ilẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sí. Nọ́ọ̀sì sáré pe dókítà, dókítà jáde, ó lóṣòó tì í. Ẹnu tó ti mọ́ dókítà lára ló fi sọ̀rọ̀.

"Mà! Ṣé ara le?"

Ẹnu Ológe náà yára. "A dúpẹ́, dókítà. Ara le."

"Ara wo ló le?" ni bàbá kan tó wà lórí ìlà fi igbe bọnu. "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ara wo ló le?"

Ológe gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ó dùbúlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, ó ń kí èèyàn! Ó rí i pé dókítà fẹ́ dìde, bóyá kó lọ mú abẹ́rẹ́ wá, àmọ́ lójú tirẹ̀, ìwé ló tún ń lọ yẹn, ó ń lọ pátápátá. Ó na ọwọ́, ó di ẹsẹ̀ ṣòkòtò dókítà mú, ó rún aṣọ náà mọ́ ọwọ́ bí ẹni tí kò lọ aṣọ rí láyé.

"Irọ́ ni," ló wí. "Irọ́ ni mo ti ń pa fún yín látọjọ́ yìí! Ara ò le. Ara ò le rárá! Bí mo bá fẹ́ yàgbẹ́ lásìkò yìí, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ń fi ọ̀bẹ là mí. Bí mo bá fẹ́ tọ̀, màá kọ́kọ́ wá nǹkan dì mú. Ọkọ mi ò lè sún mọ́ mi mọ́, bó bá sún mọ́ mi, àwa méjèèjì la jọ ń sunkún. Mo ti ń gbàdúrà kí n kú. Ẹ kọ ìwé yẹn fún mi, dókítà. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Bẹ́ ẹ bá tún fún mi ní oògùn aràn, màá gbé e mì lójú yín, màá sì kú síbí!"

Ìyá Ológe yíjú sí ògiri.

Dókítà ò já ṣòkòtò rẹ̀ gbà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó béèrè ọ̀rọ̀ tí kò béèrè rí: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ibi tó ń gbà, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dà tó. Ológe dáhùn, kò fi ẹyọ kan pamọ́.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi, mà?"

"Ẹ bi mí bóyá ara le," ni Ológe wí. "Ṣé èèyàn máa ń dáhùn pé ara ò le ni?"

Dókítà gbé ojú sílẹ̀. "Ó yẹ kí n tún bi yín," ló wí. Lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì gún Ológe lábẹ́rẹ́ tán, orí orúnkún ara rẹ̀ níbẹ̀ ni dókítà ti kọ ìwé náà. Ológe gbà á, ó fún un mọ́wọ́, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun mú un.

Nígbà tí wọ́n fi máa délé, ìwé ti rún jágajàga. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó lè dúró, Ológe tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó, ó dín iná áyọ́ọ̀nù kù, ó sì lọ ọ́. Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, omi náà ò sì tètè dá.

Ẹ má rò pé ó tán síbẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá gba ìwé, wọ́n fún un lọ́jọ́, ọjọ́ náà jìnnà bí ìlú òkèèrè. Kí ọjọ́ náà tó pé, ìrora dé, ó lọ, ó tún dé. Ológe á dùbúlẹ̀, á máa ro ó pé bí àgbà dókítà náà bá tún ní kó lọ máa sinmi ńkọ́? Ibo ló kù? Ọ̀gá rẹ̀ wá kí i, ó ní lọ́yà ṣì ń béèrè ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, Ológe ò lè rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó wọ gáùnù tó ti ká sínú àpò láti ọjọ́ mélòó kan. Ìyá rẹ̀ tó ti múra láti tẹ̀ lé e wò ó lókè délẹ̀.

"Èyí lo fẹ́ wọ̀ lọ? Rírún báyìí?"

"Ẹ jẹ́ kó rún, Màámi. Èmi ni mo fẹ́ kí wọ́n rí."

Obìnrin àgbàlagbà ni àgbà dókítà náà, irun orí rẹ̀ ti ń funfun. Kò béèrè bóyá ara le. Ó fa àga sún mọ́ Ológe tí orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, ó ní, "Ibo ló ń dùn yín? Ẹ má sọ fún mi pé kò burú." Ológe sọ ọ́. Nígbà tó dùbúlẹ̀ tí dókítà fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ níkùn, ó ké débi pé ìyá rẹ̀ tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn fò dìde.

Dókítà jẹ́ kó sinmi kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní ẹran ara kan wà tó jẹ́ pé inú ilé ọmọ nìkan ló yẹ kó máa hù. Nínú àwọn obìnrin kan, irú rẹ̀ ń hù síta, lára ìfun, lára àpò ìtọ̀. Bí nǹkan oṣù bá dé, òun náà á máa ṣẹ̀jẹ̀ níbi tó wà, ẹ̀jẹ̀ ò rọ́nà jáde, ìfun á máa lẹ̀ mọ́ra. Ẹndomẹtríósìsì ni wọ́n ń pè é. Àwọn máa ya àwòrán inú rẹ̀, bóyá iṣẹ́ abẹ á sì tẹ̀ lé e. Òun ò lè ṣèlérí pé gbogbo rẹ̀ á lọ.

"Àmọ́ àìsàn ni, mà," ni dókítà wí. "Kì í ṣe bí ti gbogbo obìnrin ṣe rí."

Ológe bú sẹ́kún. Kì í ṣe ayọ̀, kì í sì í ṣe ìbànújẹ́ nìkan. Gbogbo ọdún tó ti rò pé òun kàn jẹ́ ọ̀lẹ, tó rò pé àwọn obìnrin yòókù kàn le ju òun lọ, ló ń sunkún lé lórí.

"Ṣé ẹlòmíì wà nínú ẹbí tó ní irú rẹ̀?" ni dókítà béèrè. "Ó máa ń tẹ̀ lé ìdílé."

"Rárá o," ni Ológe wí, ó ń nu ojú. "Ìyá mi nìkan ni mo ní. Ara tiwọn le."

Dókítà yíjú sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn. "Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá? Nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń rí nǹkan oṣù, ṣé ara yín le?"

Ìyá Ológe jókòó gán-án, aṣọ rẹ̀ gún régé, ojú rẹ̀ ń dán. Ó lanu. "Ara le, a dú..."

Kò parí rẹ̀. Ó wo gáùnù rírún tó wà lọ́rùn ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi ìborùn, ó wá igun tó já wúruwùru yẹn rí láìwò ó, ó sì dì í mú.

"Nígbà tí bàbá ẹ wà láyé, kò gbọdọ̀ gbọ́," ló wí fún Ológe, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ohùn ọmọdé. "Ìwọ náà ò gbọdọ̀ gbọ́. Mo máa ń dùbúlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì nílé ìdáná, màá ki igun yìí bọ ẹnu, màá máa gé e jẹ títí ìrora á fi lọ. Oṣooṣù. Kì í ṣe eku ló jẹ ìborùn yìí, ọmọ mi."